Tòmátì Kì Í Ṣe Ohun Bíbẹ, Bíbó Ni

 

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Maourey, ní ìlú Niamey, pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti bàbá ọkọ rẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, kò pẹ́ tí Nàìjíríà fi dá iná mànàmáná tó ń tà fún wọn dúró. Iná yẹn sì ni Niamey gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí bìlẹ́ńdà ilé ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ẹrù orí tábìlì nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ gé tòmátì wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀.

Bàbá kò ráhùn. Wọ́n kàn ń ti àwo sẹ́yìn ni, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ọmọ ọmọ wọn ló rí i lọ́jọ́ kan tí wọ́n yíjú sí ògiri, tí wọ́n ń fa èèpo tòmátì yọ lábẹ́ eyín àtọwọ́dá wọn. Ẹni tó bá ti se tòmátì gígé rí mọ èèpo tí mò ń wí: kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń ká jọ, tí etí rẹ̀ á le.

Ẹ̀gbọ́n mi wá mú ọ̀bẹ, ó ní òun yóò bẹ tòmátì bí ẹni ń bẹ iṣu. Èyí tó bá èèpo lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹjọ ni, àsìkò òjò tí tòmátì máa ń wọ́n ní Niamey. Ó pè mí. "Àbúrò, ìwọ tó o máa ń ka oríṣiríṣi, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ nǹkan yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀."

Ẹ má bínú, iṣẹ́ èdè ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Iṣu là ń bẹ, ẹ̀gẹ́ là ń bẹ. Ọ̀bẹ ló ń ṣe é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ là ń bó, ẹ̀wà àkàrà là ń bó. Ọwọ́ ló ń ṣe é. Kò sì sí ẹni tí í bó ẹ̀wà ní gbígbẹ. A máa ń rẹ ẹ́ sómi kí èèpo rẹ̀ lè tú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tòmátì, àmọ́ omi gbígbóná ni tirẹ̀.

Ẹ fọ tòmátì tó pọ́n dáadáa. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ la àmì àgbélébùú sí ìdí rẹ̀, kó má wọnú. Ẹ jù ú sínú omi tó ń hó fún bí ìṣẹ́jú kan péré, tàbí títí ẹ ó fi rí i tí etí èèpo náà ń ṣí. Ẹ kó o sómi tútù lójú ẹsẹ̀ kó má baà máa jinná lọ, kí ẹ wá fi ìka fà á. Ohun kan bíi àtè ló lẹ èèpo mọ́ ara tòmátì, ooru sì máa ń tú u. Èyí tí kò bá tíì pọ́n yóò bá yín jà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Bí ẹ bá ń ṣọ́ èédú ná, ẹ da omi híhó inú fúláàsì lé e lórí nínú abọ́, kí ẹ sì dé e.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó rọrùn jù, tí ẹ̀gbọ́n mi sì mú, kò fẹ́ iná kankan. Ẹ gé tòmátì sí méjì, ẹ mú gréètà, irin oníhò tí a fi ń rin ilá, kí ẹ kọ ojú ibi tí ẹ gé sí i, kí ẹ máa rin ín. Ẹran ara rẹ̀ á bọ́ sínú abọ́, èèpo á sì kù sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yín bí ìwé. Ẹ rọra ṣe nígbà tó bá kù díẹ̀, kí irin má baà họ yín lọ́wọ́. Tòmátì gígùn tó lẹ́ran lára ló dára jù fún un. Olómi máa ń dá omi púpọ̀.

Níbi tí iná bá wà, fírísà náà ń ṣiṣẹ́. Lásìkò ọ̀tútù, tí tòmátì àwọn ọgbà etí odò Niger bá kún ọjà, ẹ rà á, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú fírísà lódindi. Bí yìnyín rẹ̀ bá yọ́, èèpo á bọ́ bí ẹ̀wù. Ọbẹ̀ ni kí ẹ fi irú rẹ̀ sè o, kò dára fún sàláàdì mọ́.

Àwọn kan á ní èèpo náà ṣara lóore. Òótọ́ ni, èròjà tó ń mú tòmátì pupa pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí eyín rẹ̀ dá ṣáká, kó jẹ ẹ́ tòun téèpo. Ẹ̀gbọ́n mi kì í tilẹ̀ jù ú nù: ó ń sá a sóòrùn bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sá tòmátì gígé, ó ń gún un kúnná, ó ń bù ú sọ́bẹ̀ kó lè pupa.

Bìlẹ́ńdà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Maourey báyìí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé iwájú bàbá, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé: "Ṣé ti ọwọ́ ni, àbí ti ẹ̀rọ?"