Àádọ́ta Ọ̀pá, Ojú Kan

Igi kan kì í dágbó ṣe. Níbi ìdáwó la ti sábà ń gbọ́ òwe yìí: ìlú fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, alága á dìde, á pa á, oníkálukú á sì tọwọ́ bàpò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òwe náà jìn ju owó lọ, ère kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní Gúúsù Áfíríkà ló sì fi ìjìnlẹ̀ rẹ̀ hàn mí.

Nítòsí Howick, ní KwaZulu-Natal, ni ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ tí Nelson Mandela wà nínú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ 1962, tí wọ́n sì mú un. Nígbà tó di 2012, oníṣẹ́ ọnà Marco Cianfanelli ri 50 ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ níbẹ̀, gbogbo wọn ga fíofío. Bí ènìyàn bá gba ẹ̀gbẹ́ wò wọ́n, irin ṣágiṣàgi lásán ni. Kò sí imú, kò sí ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró níwájú wọn gan-an, ní nǹkan bíi mítà 35, ojú Mandela á yọ gbàǹgbà. Kó sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀, ojú náà á tún fọ́n ká.

Kò sí ọ̀pá kan níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí pé òun ni Mandela. Bí wọ́n ṣe gé eléyìí kọ́ ni wọ́n gé tọ̀hún. Èyí wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, àlàfo sì wà láàrin wọn. Bí igbó ṣe rí náà nìyẹn: ìrókò ò di àràbà nítorí pé wọ́n jọ wà lójú kan. Àwọn tó ń fi òwe yìí pa ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ lẹ́nu mọ́, wọn ò lò ó re rárá.

Ìtàn ọkùnrin náà bá ère rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, aṣọ awakọ̀ ló wọ̀, David Motsamayi ló sì ń pe ara rẹ̀, ṣùgbọ́n Cecil Williams, aláwọ̀ funfun tó ń darí eré orí ìtàgé, ló wà nídìí ọkọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, Walter Sisulu ló bá Mandela wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ní Johannesburg, tó tún fà á wọ ẹgbẹ́ ANC. Àwọn mẹ́jọ, Mandela pẹ̀lú wọn, ni adájọ́ rán lẹ́wọ̀n gbére ní oṣù Kẹfà 1964. Denis Goldberg wà nínú wọn; Pretoria ni wọ́n tì í mọ́, àwọn tó kù lọ sí erékùṣù Robben, nítorí ìjọba ìgbà náà kò gbà kí funfun àti dúdú jọ ṣẹ̀wọ̀n pọ̀. Mélòó nínú wa ló lè dárúkọ Raymond Mhlaba tàbí Elias Motsoaledi, tí àwọn náà wà lára àwọn mẹ́jọ yẹn?

Àwa náà ní igi nínú igbó yẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé ní Soweto ní 1976, ìjọba Nàìjíríà dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ fún ìhà gúúsù Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ ìjọba yọ nínú owó oṣù wọn sí i, akẹ́kọ̀ọ́ náà dá tiwọn. Ó dùn mí pé n kò rí ère wọn ní oríta wa, níbi tó jẹ́ pé olóyè tàbí olóṣèlú kan ṣoṣo la máa ń gbé dúró, táá nawọ́ sókè. Ìjọba tó bá tún fẹ́ náwó lórí ère, kó kọ́kọ́ rán àwọn oníṣẹ́ ọnà wa lọ sí Howick. Bí wọ́n bá dé, kí wọ́n ṣe tiwa: olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1976, kí gbogbo wọn jọ dúró.