Kápúsù méjì tí a gbé mì, ọ̀rọ̀ gbogbo agboolé ni



Bí a bá ra kápúsù méjì lórí àtẹ lọ́jà tí ẹnì kan bá bi wá, èsì wa kì í ju "Ara mi ni, owó mi ni" lọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Bakitéríà, kòkòrò tí ojú lásán kò rí, ní ìwé kan nínú tó ń jẹ́ DNA. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́: A, T, G àti C. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí kòkòrò náà mọ̀ ọ́n ṣe wà. Bó bá fẹ́ bí sí i, á da ìwé náà kọ, á sì pín sí méjì. Níbi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, E. coli tó ń gbé inú ìfun wa lè ṣe èyí láàárín ìṣẹ́jú 20.

Ì bá sàn ká ní ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń jogún ìwé náà. Ṣùgbọ́n ní 1946, Joshua Lederberg àti Edward Tatum fi hàn ní Amẹ́ríkà pé kòkòrò kan lè fún òmíràn lára ìwé tirẹ̀. Ní Japan, láàárín ọdún 1950 sí 1960, wọ́n rí kòkòrò ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí oríṣi oògùn mẹ́rin kò ràn. Wọ́n wá rí i pé E. coli lè fi ọgbọ́n yẹn ta á lọ́rẹ.

Ẹ wò ó báyìí: ọ̀fìnkìn mú wa, a gbé kápúsù méjì mì. Oògùn apakòkòrò kì í sì í wo ọ̀fìnkìn. Nínú ìfun, àwọn kòkòrò tí kò lágbára kú. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń borí oògùn ṣẹ́kù, wọ́n ń bí sí i. Lọ́jọ́ tí kòkòrò burúkú bá kọjá níbẹ̀, wọn á yá a ní ìwé. Omi àti ọwọ́ tí a kò fọ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ aládùúgbò, oògùn tí ì bá gbà á là kò sì ní ràn án.

Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn jìnnà sí ẹlòmíràn, owó kò sì sí. Ṣùgbọ́n kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti má lo kápúsù fún ọ̀fìnkìn. Èyí tí wọ́n bá sì kọ fún wa, ká lò ó bí wọ́n ṣe ní ká lò ó, ká má ṣẹ́ ẹ kù de àìsàn mìíràn.

Àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ti sọ tèmi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ìyá wa lọ́jà.