Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọdún Kú Sí Ìdálẹ̀

Ẹ̀yin ìjòyè wa, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé Ìsarà àti gbogbo Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ kan ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Ìlú Òyìnbó, èyí tí kò yẹ kí a gbọ́ kí a sì dákẹ́. Bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ bá bá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọmọ kékeré, wọn a ní, “Ọmọ kò tíì mọ nǹkan. Àjò ni a wà. Ó di ìgbà tí a bá délé kí a tó ṣe ọdún.” Mo wí pé àṣìṣe ńlá ni, ìran wa ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Èkíní, irọ́ ni pé ọmọ kò mọ nǹkan. Ní 1980, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ti ń dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ti obìnrin mìíràn. Bí etí rẹ̀ bá là tó báyìí kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, ṣé nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́ta ni yóò di?

Ẹ wo ẹ̀rí ilé wa. Abẹ́òkúta ni a bí Wọlé Ṣóyínká sí ní 1934, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsarà ni bàbá rẹ̀. Nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, tí ó jáde ní 1981, ó ròyìn bí wọ́n ti ń kó wọn láti Aké wá ṣe Ọdún Tuntun ní Ìsarà, lọ́dọ̀ bàbá bàbá wọn. Ohun tí ọmọdé náà rí kò parẹ́ lójú àgbàlagbà. Ní 1989, ó fi orúkọ ìlú wa pe ìwé tí ó kọ nípa bàbá rẹ̀.

Wọn yóò ní Aké kò jìnnà bí Lọ́ńdọ̀nù. Ó dára. Ṣé Bàhíà ní Brasil jìnnà tó? Ẹrú ni àwọn ènìyàn wa tí a kó lọ síbẹ̀, oko-ẹrú kò sì dópin ní ilẹ̀ náà títí di 1888. Wọn kò sọ pé ó di ìgbà tí àwọn bá délé. Ní 1910 ni a dá ilé Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ níbẹ̀, títí di òní ni wọ́n sì ń fi èdè wa kọrin sí Ṣàngó. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣe ọdún; ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú ni kò ráyè!

Wọ́n tún ń wí pé ìnáwó pọ̀, aládùúgbò kò sì fẹ́ ariwo. Ta ni ó ní kí wọ́n lu bàtá? Kí a jí ọmọ ní òwúrọ̀, kí a ki oríkì rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí a fi oyin àti obì súre fún un, kí a sì se ìkọ́kọrẹ́. Ewùrà ń bẹ lọ́jà Peckham. Bí agogo bá lu méjìlá òru ní Ìsarà, mọ́kànlá ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí wọ́n pe bàbá àgbà lórí ẹ̀rọ ní wákàtí náà, kí ọmọ gbọ́ ìró ọdún láti ilé.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa ará ilé náà kò mọ́. Bí ọmọ bá dé láti òkè òkun tí ó ń ṣi ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ sọ, a máa fi í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a fi ṣẹ̀sín lọ́jọ́ ọdún, báwo ni yóò ṣe fẹ́ràn ọdún?

Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945, kí a tó wá ṣí i ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Wọn kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá délé. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin òbí tí ń mú ọmọ lọ sí àjò lóṣù Ọ̀pẹ, ẹ di ọdún mọ́ ẹrù yín.