Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Lórí Òkè

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí arọ bá ti gbọ́ pé ogun ń bọ̀ lọ́tùn-únla, òní ni yóò ti máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kí ogun tó wọ̀lú, ó ti wà níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o. Òwe náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé, tí wọ́n tún gun kẹ̀kẹ́ lé e, tí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ sì bá wọn lórí òkè, ni mo fẹ́ bá wí.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Denver, mo gbọ́ tí àwọn tí a jọ gun kẹ̀kẹ́ ń ròyìn ìrìn wa fún àlejò. Wọ́n ní ṣe ni àrá ṣàdédé sán lé wa lórí, pé àdánwò ayé ni, pé Ọlọ́run ló yọ wá. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ ń ké "Háà, ẹ kú oríire o!" Inú bí mi. Ọlọ́run yọ wá lóòótọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan tó ṣàdédé nínú ọ̀rọ̀ náà.

Monarch Crest ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí a gbà, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Monarch Pass ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tí títì US 50 ti gba orí òkè kọjá. Ibẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 11,312, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3,450. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, mítà 2,419 ni. Ìyẹn ni pé ibi tí a ti sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ti fi ẹgbẹ̀rún mítà ga jù ú lọ, ká tó tẹ pẹ́dà rárá. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan ti ń tọ góńgó òkè lọ títí tí yóò fi sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 12,000. Igi kì í hù lókè yẹn mọ́. Koríko, òdòdó wẹ́wẹ́ àti òkúta ló kù. Òjò tó bá rọ̀ sí ọwọ́ ìlà-oòrùn ọ̀nà náà, odò Arkansas ni yóò bá lọ, tí yóò fi wọnú Mississippi. Èyí tó bá rọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn yóò gba odò Gunnison wọnú odò Colorado. Orí ìlà tó pín omi Amẹ́ríkà sí méjì lẹ̀ ń gùn yẹn. N kò tíì gun kẹ̀kẹ́ níbi tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Tí ẹ bá dé Marshall Pass, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ gba Silver Creek, ẹ ó bọ́ sí Rainbow Trail, títí ẹ ó fi já sí títì 285, tí ẹ ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Poncha Springs. Gbogbo rẹ̀ tó máìlì 35. Ẹ má fi ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ wé e: atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, ohun tí ènìyàn ń rí mí sínú kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ. Ẹni tó gbójú ní Denver yóò máa mí gúlegúle níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni.

Àrá sì ni ogun ibẹ̀. Lóṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, atẹ́gùn olómi máa ń fẹ́ wá láti gúúsù. Oòrùn òwúrọ̀ á mú ara òkè gbóná, atẹ́gùn náà á gòkè, á di ìkùukùu funfun. Tó bá di ọ̀sán, ìkùukùu ọ̀hún á ṣú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Bó ṣe ń rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹni tó mọ òkè Colorado fi ń sọ pé kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ènìyàn ti kúrò lórí góńgó. Fóònù wa sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó gbé wa tún un sọ. Kò sílé níbẹ̀, kò sígi. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ló ga jù ní gbogbo àyíká, táyà rọ́bà kò sì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mànàmáná. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kí Ṣàngó ni wọ́n ti bí wa. Ṣé àwa ló yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé a kì í bá àrá ṣeré?

Ẹni tó kó wa jọ ló dàgbà jù nínú wa. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló bá wa gba ibùsùn sí Salida, òun ló ra oúnjẹ, ọ̀làwọ́ ènìyàn ni. Àárọ̀ kùtù ló yẹ ká ti wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n ń dín dòdò, ó ń dín ẹyin, ó ní ènìyàn kì í gun òkè lébi. Nígbà tí a jẹun tán, ó rántí pé bíréèkì òun kò mú dáadáa, a tún dúró kó pààrọ̀ rẹ̀. Agogo mọ́kànlá ti ń lọ lù ká tó kúrò ní Monarch Pass. Nígbà tí a ó fi dé ibi tí ọ̀nà South Fooses Creek ti yà sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú igbó, ìwọ̀-oòrùn ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà síbí. Inú igbó sàn fún wa." Ó ní, "Àbúrò, má já àwọn ọmọ yìí láyà. A ti sanwó, a ó gùn ún parí." Mo wo ojú àwọn yòókù. Kálukú tẹjú mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí yìnyín dé. Ọwọ́ wa tutù débi pé ìka kò gbọ́ràn sí wa lẹ́nu láti tẹ bíréèkì. Mànàmáná kọ, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tí àrá fi sán tẹ̀lé e, èyí tó fi hàn pé kò tó máìlì kan sí wa. Lórí òkúta tútù ni ẹni tó kéré jù nínú wa ti ṣubú, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì ṣẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé Marshall Pass. Ojú irin ni wọ́n là gba ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1881. Wọ́n ti hú irin náà tipẹ́, ọ̀nà eléruku tí ọkọ̀ lè gbà ló kù. Àwọn tọkọtaya kan tí a kò mọ̀ rí ló gbé ọmọ náà sínú ọkọ̀ wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé àwọn kan ń gùn ún lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń délé láyọ̀. Orí wọn ló gbè wọ́n, orí kì í sì í ṣe ètò ìrìnàjò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ǹ bá di gbogbo ẹ̀bi ru Ẹ̀gbọ́n, kí n sì dákẹ́. Àmọ́ níbi ìsọmọlórúkọ yẹn, ọmọ tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá, èmi náà rí i. Láàárọ̀ ni mo ti wo ojú ọjọ́ lórí fóònù mi. Ṣé kí n wá máa bá Ẹ̀gbọ́n jiyàn ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn. Òwe arọ kò tó ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. Arọ inú òwe dá wà, ẹ̀mí ara rẹ̀ nìkan ló ń sá fún. Àwa pọ̀. Èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa mu ni pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀gbọ́n ló jẹ kòkòrò. Ọrùn-ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ṣẹ́.

Àwọn tó dákẹ́ ní ọ̀wọ̀ ló pa àwọn lẹ́nu mọ́. Irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn? Nílé wa, bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, á ní "Tótó, ó ṣe bí òwe o", àgbà á sì dá a lóhùn pé wàá rí òmíràn pa. Àwọn baba wa ti la ọ̀nà tí ọmọdé fi lè gbé ọ̀rọ̀ ńlá kalẹ̀ láìrí àgbà fín. Ẹni tó lè tọrọ àyè láti pa òwe lè tọrọ àyè láti sọ pé òjò ti ṣú. Ọjọ́ orí Ẹ̀gbọ́n kò sì kọ́ ọ ní òkè yẹn. Inú ilé ìtajà ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún rẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbọ́n jù wá lọ. Bí ẹni méjì péré bá gbè mí lẹ́sẹ̀ ní Fooses Creek, ì bá yà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, kì í ṣe olórí kunkun. Ìdákẹ́ wọn ló rò pé wọ́n fi fara mọ́ òun. Nítorí náà, ẹ̀bi àwọn tó dákẹ́ tóbi lójú mi ju ti ẹni tó ń dín dòdò lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti tún ń kó orúkọ jọ fún ìrìn mìíràn. Mo ti sọ fún un, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, pé n ó lọ bí a bá ti wà lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, bí a bá dá aago tí a ó yí padà bó ti wù kó rí, àti bí ẹni tó kéré jù bá lè sọ pé ó tó, kí gbogbo wa sì sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ẹ̀yin náà tí ẹ ní ọ̀rẹ́ tó ń kó yín gun òkè, ẹ bi í léèrè lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé aago mélòó lẹ máa kúrò lórí góńgó. Bí kò bá ní èsì, ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ yín sínú ọkọ̀ rẹ̀.