Ẹ Fi Mesna Sílẹ̀ Fún Alárùn Jẹjẹrẹ

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ ń wá oògùn tí yóò mú ikùn wọlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn onímọ̀ kan ní orílẹ̀-èdè Norway fún ìwọ̀nba ọkùnrin tó sanra ní mesna lò, cysteine inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì lọ sílẹ̀. Ìwádìí gidi ni, a kò bá wọn jà. Ẹni tí à ń bá jà ni ẹni tó máa gbọ́ èyí tán, tó máa ní oògùn ìsanra ti dé. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú!

Cysteine jẹ́ ọ̀kan lára àwọn amino acid tí ara fi ń mọ purotéènì. À ń rí i nínú ẹran àti ẹyin, ara sì lè fi methionine ṣe é fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, wọ́n ti rí i pé ẹni tí cysteine pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń lọ́ràá lára. Wọ́n tún fún eku ní oúnjẹ tí methionine inú rẹ̀ kò tó nǹkan, eku náà rù. Wọ́n fi cysteine kún un, ọ̀rá padà. Ibẹ̀ ni ìrètí ti wá. Ṣùgbọ́n ṣé eku lẹ̀yin ni?

Ẹ wo iṣẹ́ tí mesna ń ṣe. Púpọ̀ nínú cysteine inú ẹ̀jẹ̀ ló so mọ́ purotéènì. Mesna á já a kúrò, kíndìnrín á sì dà á sínú ìtọ̀. Ohun tó dín kù kò ju iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Oògùn tí èèyàn lò lẹ́ẹ̀kan, tó sì bá ìtọ̀ jáde láàárín wákàtí díẹ̀, kò lè sọ fún wa bóyá ọ̀rá máa yọ́.

Cysteine yìí kan náà ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe glutathione tó ń gbà á lọ́wọ́ májèlé. Bí ẹnì kan bá lo parasitámọ́ọ̀lù ní àlòjù, acetylcysteine ni dókítà ń fún un, kí ẹ̀dọ̀ lè rí cysteine lò. Ṣé ohun tí dókítà ń sáré fi síni lára láti dóòlà ẹ̀mí ni ẹ fẹ́ máa fi owó yín lé jáde?

Mesna ní ẹni tó wà fún: aláìsàn jẹjẹrẹ tó ń gba ifosfamide, kí ilé ìtọ̀ rẹ̀ má baà ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní ó ń dín ìsanra kù, kó mú ẹ̀rí wá: ìwádìí olóṣù gbọọrọ, tí wọ́n ti wọn ọ̀rá, tí wọ́n sì ti yẹ ẹ̀dọ̀ wò. Bó bá mú un wá, àwa náà á gbà. Kó tó dìgbà náà, ẹ pa owó yín mọ́, ẹ sì pa ẹ̀dọ̀ yín mọ́.