Ọkọ̀ Tí Ó Lọ́ra Jù Ni Òṣùwọ̀n

Ní Ludham, ní Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé Hunter dá ibùdó ọkọ̀ ìgbòkun sílẹ̀ ní ọdún 1932. Ọkọ̀ onípákó kéékèèké tí kò ní ẹ̀rọ ni wọ́n. Ẹ̀yin ará, bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ fi irú wọn rìn ní Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, èrò tèmi ni pé ọkọ̀ tí ó lọ́ra jù ni kí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n ètò wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ọ̀pá ni wọn ó fi máa ti ọkọ̀. Kí wọ́n tó gba abẹ́ afárá Potter Heigham kọjá, wọn ó dá òpó ìgbòkun dùbúlẹ̀. Ìṣàn omi kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀nà kúrú, kí gbogbo wọn lè gúnlẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ẹnìkan sílẹ̀ lórí omi nínú òkùnkùn, ẹgbẹ́ kọ́.