Pátákó Orúkọ àti Àtẹ Òṣìṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti rí ni ọ̀rọ̀ èdè-ìperí rí. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe kí ó tó fún un lórúkọ lè fi orúkọ kan ṣoṣo pe ohun méjì. Àpẹẹrẹ kan tí ó ti ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ‘masthead’, bí a ti ń lò ó nínú iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan túmọ̀ ìlànà iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ máa tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá kékeré kan jáde ní Mọ́kọ́lá. Inú ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú ìlànà náà, ó sì sọ pé inú ‘masthead’ ni kí orúkọ olóòtú àti ti gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wo ìwé atúmọ̀-èdè tí a ṣe ní Ìlú Ọba, ó sì kọ ọ́ pé kí a to gbogbo orúkọ náà sí òkè ojú-ìwé kìn-ín-ní. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, orúkọ ènìyàn mọ́kànlá ni ó tò lọ bẹẹrẹ lókè, orúkọ ìwé ìròyìn fúnra rẹ̀ sì di ohun tí a ń fi ojú wá. Ọkùnrin kan tí ń ta ìwé ìròyìn ní oríta Mọ́kọ́lá bi mí léèrè bóyá ìkéde òkú ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi.

Ṣóńṣó orí òpó ọkọ̀ ojú omi, níbi tí a ń ta àsíá sí, ni ọ̀rọ̀ yìí dúró fún ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní Ìlú Ọba, wọ́n yá a lò fún orúkọ ìwé ìròyìn tí a fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí òkè ojú-ìwé kìn-ín-ní. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí a to orúkọ onílé-iṣẹ́, olóòtú àti àwọn òṣìṣẹ́ sí ni àwọn oníṣẹ́ ìròyìn ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ mìíràn ni wọ́n fún ti òkè ojú-ìwé kìn-ín-ní. Ìlò méjèèjì ni a sì bá pàdé nílẹ̀ yìí. Àwọn onílé-iṣẹ́ Daily Mirror ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ra Daily Times ní 1947. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni Nnamdi Azikiwe, tí ó dá West African Pilot sílẹ̀ ní 1937, ti kàwé. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà sì lọ́wọ́ nínú ìbẹ̀rẹ̀ Yunifásítì Nsukka, níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn ní 1961.

Ẹnìkan lè sọ pé ìjà orúkọ lásán ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ìròyìn bá ba ènìyàn lórúkọ jẹ́, orúkọ òkè ojú-ìwé kìn-ín-ní nìkan kò tó fún un. Ohun tí agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò wá ni orúkọ ẹni tí yóò dáhùn: ta ni olóòtú, ta ni ó tẹ̀ ẹ́, níbo ni wọ́n wà? Ìjọba amúnisìn pàápàá mọ èyí. Òfin ìwé ìròyìn tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1903 béèrè ìdúró £250 lọ́wọ́ oníwèé ìròyìn, kí a lè rí ẹni mú bí ọ̀ràn bá dé. Àwọn ará Èkó takò ó, wọ́n sì jàre, ṣùgbọ́n ìbéèrè pé ‘ta ni yóò dáhùn?’ kò kú pẹ̀lú ìjọba náà.

Kí ni kí á wá pè wọ́n? Àwọn kan ń lo ‘àkọlé’ fún èkíní. N kò fara mọ́ ọn, nítorí pé a ti ń fi ‘àkọlé’ pe orí ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó gbájú mọ́. Àwa ni ó kù kí á wo iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Mo dábàá ‘pátákó orúkọ’ fún ti òkè ojú-ìwé kìn-ín-ní, àti ‘àtẹ òṣìṣẹ́’ fún ibi tí a to àwọn ènìyàn sí. Kò sí aránṣọ tàbí onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá tí kò mọ iṣẹ́ pátákó: ó ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé ibí nìyí. Pátákó Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tilẹ̀ tún sọ àwọn tí a kọ ọ́ fún. Àtẹ ní tirẹ̀ ń sọ ẹni tí ó wà nínú ilé.

Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè pé, bí ẹ bá tún bá ‘masthead’ pàdé, kí ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ìlú tí ó ti wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju méjì wọ̀nyí lọ, kí ó mú un wá. N kò ní bá a jà, bí kò bá sá ti fi ẹyọ kan ṣoṣo pe méjèèjì.